Ẹni Tó Rí Bọ́ọ̀lù Ni Í Kígbe

Ohun méjì ni bàbá mi kọ́ mi kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá: bí a ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà, àti bí a ṣe ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì. Kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ilé wa ní Olówógbowó, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn baba ńlá wa tó ti Sàró dé kọ́, ní àgbàlá tóóró kan lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni Bàbá ti fi èédú ya igi mẹ́ta sára ògiri. Ó gbẹ́ pákó kan fún mi, ó ní kí n dúró síwájú àwòrán náà, òun náà á dúró lẹ́bàá kànga, á máa ju bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì sí mi. Gbogbo iṣẹ́ mi kò ju pé kí n fi pákó gbá bọ́ọ̀lù dànù kó má baà kan igi.

"Ṣọ́ igi ẹ," ni Bàbá máa ń wí. "Ẹni tí igi ẹ̀ ò bá tíì ṣubú, ó ṣì wà lórí pápá nìyẹn. Jẹ́ kí wọ́n máa jù ú. Ó máa rẹ̀ wọ́n."

Wọ́n ní Èkó ò gba gbẹ̀rẹ́, àmọ́ gbẹ̀rẹ́ ni bàbá mi fi gbé Èkó. Olùkọ́ ìṣirò ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó títí tó fi fẹ̀yìn tì, òun náà ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíríkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, tó ń gbá a ní pápá Oníkan, ó lè dúró síwájú igi láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́ kó má gbá bọ́ọ̀lù mẹ́wàá tó dé ibi kan. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Ògiri. Wọ́n fi ń bú u ni, òun sì gbà á bí oyè. "Ẹni tó bá fẹ̀lẹ̀ pa eèrà, á rí ìfun inú ẹ̀," ni èsì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ojú bàbá mi ni mo fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́ kí n má sọ ti obìnrin kan tí mo pàdé ní Barbados, tó máa ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni pé bọ́ọ̀lù náà bú ìyá ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni mí nígbà tí ilé ìwòsàn kan lọ́hùn-ún gbà mí síṣẹ́. Mo ti sọ fún ara mi pé kò lè nira. Èèyàn dúdú bíi tiwa ni wọ́n, wọ́n ní àgbọn, wọ́n ní ẹja, wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ló wá kù? Ẹni tó bá rìn jìnnà á rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ní wọ́ọ̀dù àwọn àgbà obìnrin, mo dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá kan tó jọ ìyá ìyá mi bí ìbejì. Orúnkún mi ti tẹ̀ kí n tó mọ̀. Ìyá náà na ọwọ́ sí aago tó wà lókè orí ẹ̀, ó ń pariwo pé, "Ẹ wá o! Nọ́ọ̀sì tuntun yìí ń dákú!" Wọ́n sáré gbé àga wá fún mi, wọ́n ní kí n mu omi. Mo mu omi náà. Ìtìjú ò jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi agbára mú orúnkún mi dúró. Ẹnu mi ni mi ò rí mú. Kò sí "ẹ" nínú èdè wọn. Ọmọ ogún ọdún tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn ń pe ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì lórúkọ gbàgà, ọ̀gá náà á sì dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Èmi kọ̀. "Àǹtí" ni mò ń pe gbogbo obìnrin tó bá jù mí lọ, "sà" ni mò ń pe gbogbo ọkùnrin. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn.

Ohun tó dùn mí jù lọ kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí kíkí ni. Nílé, bí o bá ń gbálẹ̀, ìkíni wà fún un. Bí o bá jókòó lásán láìṣe nǹkan kan, ìkíni wà fún ìyẹn náà. Lọ́hùn-ún, màá gbé àwọn aláìsàn dìde, màá gbé wọn dùbúlẹ̀ láti àárọ̀, màá sì rìn la gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ já kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo kú iṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara mi nínú dígí: "Ẹ kú iṣẹ́ o." "Ẹ ṣeun, a dúpẹ́." Lọ́jọ́ kìíní, mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo sunkún, mo sì mọ̀ pé ẹkún ẹni tí kò ní ẹnìkan ni.

Ọjọ́ Ìsinmi ni mò ń pe ilé. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí mo jẹun tán, ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́ ní Èkó. Bàbá á ti jókòó lójú fèrèsé òkè. Màá máa gbọ́ ẹ̀rọ amúnáwá àwọn aládùúgbò, màá gbọ́ ìpè àdúrà láti mọ́ṣáláṣí, àti àwọn ọmọdé tó ń bú ara wọn nísàlẹ̀. Nígbà míì, mo máa ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí n lè gbọ́ ariwo ẹ̀yìn yẹn dáadáa.

"Ẹ̀n-ẹ́n, ọmọ mi. Igi ńkọ́?"

"Ó dúró, Bàbá."

"Ó dáa. Má jẹ́ kó ṣubú."

Ó tó oṣù mẹ́rin kí n tó gbọ́ ohùn kan tó jọ ti ilé. Ọ̀nà ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn ni mo gbà lọ́jọ́ náà, mo sì gbọ́ tí pákó pàdé bọ́ọ̀lù: kọ̀! Ẹsẹ̀ mi dúró. Pápá kékeré kan wà níbẹ̀, àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ sì ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó dúró síwájú igi ni Marva, awakọ̀ tó ń fi ọkọ̀ gbé aláìsàn. Mo mọ̀ ọ́n lójú. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ìdí ẹ̀ gbòòrò, ó sì fi báńdéèjì di orúnkún kan. Wọ́n ní ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún erékùṣù náà nígbà èwe rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe kọ́ mi, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, wíwò là ń wò ó. Àǹtí Marva ò wo nǹkan kan. Kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń jù ú, igi ọwọ́ ẹ̀ ti wà lókè lẹ́yìn orí ẹ̀, ó sì ti yẹ ẹsẹ̀ òsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń ṣínà fún àlejò. Ó gbé e. Bọ́ọ̀lù náà gba orí ẹni tó jù ú kọjá, ó gba orí òrùlé ìfọṣọ kọjá, a ò sì gbúròó ẹ̀ mọ́. Ìkejì, ó kàn yí ọrùn ọwọ́ díẹ̀, ó sì gba àárín àwọn méjì lọ tí wọ́n fi ń wo ara wọn. Mo pariwo "Yé!" kí n tó mọ̀. Gbogbo wọn yíjú, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ọmọ ẹgbẹ́.

Mo kọ́kọ́ rò pé oríire ni, tàbí ìwà jàgídíjàgan. Ìgbà tí mo wò ó títí ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan sí i, á yí ojú ká pápá, á fi ìka ka àwọn tó ń ṣọ́ ọ bí ìyá tó ń ka ọmọ létí òkun. Ibi tí kò bá sí èèyàn, ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ń lọ. Ojú ẹ̀ kì í kúrò lára ọrùn ọwọ́ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù. Bí bọ́ọ̀lù náà bá sì dára lóòótọ́, tí kò ṣeé gbá, Àǹtí Marva á rọra gbé igi ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀, á dá a dúró jẹ́jẹ́, ojú ò sì ní tì í.

Kì í ṣe gbígbá nìkan. Bó bá kàn án láti jù ú, ìgbésẹ̀ mẹ́fà péré ló lè sá nítorí orúnkún, ṣùgbọ́n apá yẹn! Bọ́ọ̀lù á balẹ̀ níwájú rẹ, á fò sókè wá sí àyà, wàá fẹ̀yìn rìn. Á tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkẹta, o ti fẹ̀yìn rìn kó tó jù ú, àfi kí eléyìí máa fà bọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ dé. Igi ọwọ́ rẹ á ti jù kọjá kó tó dé, á wá wó igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́yìn rẹ. Kì í yọ̀ ọ́. Á kàn tún gèlè orí ẹ̀ so. Bí kò bá gbá, tí kò sì jù, á lọ dúró níbi tí bọ́ọ̀lù ti ń gbóná jù, á la ọwọ́ sílẹ̀ dè é. Gbogboǹṣe ni. Kò sí ìṣẹ́jú kan tó fi jẹ́ òǹwòran nínú eré tó ń ṣe.

Mo sọ ọ̀rọ̀ Bàbá fún un lọ́jọ́ kan, pé igi là ń kọ́kọ́ ṣọ́. Ó ronú sí i.

"Bàbá rẹ ń ṣọ́ igi, bó bá wá rí bọ́ọ̀lù burúkú, á gbá a," ló wí lédè Gẹ̀ẹ́sì wọn tó dà bí orin. "Èmi, mo kọ́kọ́ ń wá bí màá ṣe gbá a. Tí kò bá ṣeé gbá, ìgbà yẹn ni màá ṣọ́ igi. Gbogbo ìyàtọ̀ wa ò ju ìyẹn lọ."

Mo ròyìn rẹ̀ fún Bàbá lọ́jọ́ Ìsinmi.

"Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́?" ni Bàbá bi mí.

"Àkọ́kọ́, sà. Ó gbà á kọjá òrùlé."

Mo gbọ́ tí Bàbá pòṣé. "Ọ̀yájú obìnrin ni. Kò lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n á mú un." Lẹ́yìn náà ló bi mí, "Mélòó ló gbá?"

"Mẹ́tàlélọ́gọ́ta, sà."

"Mẹ́ta kí ni?"

Lọ́sẹ̀ kejì, a ò tíì kíra tán tó ti ń bi mí pé, "Obìnrin yẹn ńkọ́?" Bó ṣe di àṣà wa nìyẹn. Màá sọ ọ́ fún un ní bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, á máa bú u, á sì máa béèrè pé kí ló wá ṣe sí èyí tó tẹ̀ lé e. Àbúrò mi, Ṣadé, tó ń ta aṣọ ní Jankara tó sì ń gbé pẹ̀lú Bàbá, sọ fún mi pé Bàbá ti ń kó páálí ìṣáná àti ìkòkò iyọ̀ sórí tábìlì, pé àwọn yẹn ni òṣèré; bí mo bá ti ń sọ̀rọ̀, á máa tò wọ́n.

A rẹ́rìn-ín sí i, èmi àti Ṣadé. Lẹ́yìn náà ni Ṣadé rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àmọ́ Sìsí mi, àwọn tó bá wà lápá ọ̀tún, kì í rí wọn o. Ọwọ́ ẹ̀ ló máa ń gbá wọn dànù. Kódà tíì, ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀pù ló ń dà á sí."

Mo bi Bàbá léèrè fúnra mi. Ó ní kò sí nǹkan kan, pé kò dun òun, àfi pé bí wọ́n bá tan iná lálẹ́, òun máa ń rí òṣùmàrè yí gílóòbù ká. Ó tiẹ̀ ní ó lẹ́wà.

Mo mọ ohun tó jẹ́. Mo ti tọ́jú irú ẹ̀ rí. Omi ló ń ga nínú ẹyinjú, tó ń fún iṣan ìríran pa. Kì í dunni, ìyẹn ni ẹ̀tàn ẹ̀. Láti etí ló ti ń jẹ ojú wá sáàárín, ohun tó bá sì ti jẹ kì í dá a padà.

"Bàbá," mo ní, "ó máa dáa kẹ́ ẹ fojú yín han dókítà."

"Ojú àgbà ni. Mo ti ní kí Ṣadé ra oògùn kan bọ̀ ní Jankara. Mò ń kán an sí i."

"Ẹ ṣeun, sà."

Ohun tí mo sọ nìyẹn. Ẹ ṣeun, sà. Èmi tí mo mọ̀. Mo ní ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó. Mo ní ìdajì Ìsàlẹ̀ Èkó ni ọkùnrin yìí kọ́ ní ìṣirò, ta ni mo jẹ́ tí màá sọ ohun tó wà nínú ojú ẹ̀ fún un? Bí ọjọ́ Ìsinmi bá ti dé, màá gbé ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu, màá sì gbé e mì. Bí mo bá gbójúgbóyà, màá ní, "Bàbá, dókítà yẹn ńkọ́?" Á ní, "A máa lọ." Màá ní ó dáa, sà. Ọdún méjì kọjá báyìí.

Ṣadé ò fi bò. "Sìsí mi, ẹ̀yin ni nọ́ọ̀sì. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní kí n lọ jókòó sídìí aṣọ mi. Ẹ̀yin ni wọ́n máa gbọ́ sí lẹ́nu."

"Mo ti sọ fún wọn."

"Ẹ bẹ̀ wọ́n ni. Ẹ ò sọ fún wọn."

Láàárín ọdún méjì yẹn, ara ń mọ́lé fún mi lọ́hùn-ún, mi ò ní purọ́. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ Rere kan, mo se fúréjọ̀n bí wọ́n ṣe ń sè é ní Olówógbowó, ẹ̀wà tí a kùnnà pẹ̀lú omi àgbọn, mo dín ẹja tì í. Wọ́n kọ́kọ́ ń wò ó tìfura-tìfura. Àǹtí Marva jẹ àwo méjì, ó sì béèrè èyí tó kù nídìí ìkòkò. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, mo gbá bọ́ọ̀lù kan tó yí lọ kan okùn ààlà, àkọ́kọ́ nínú ayé mi. Mo rìn wálé bí ẹni tó jogún. Mo wá ń rò pé bóyá èèyàn lè ní ilé méjì. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rò ó, mo máa ń rí kọ́ọ̀pù tíì yẹn, àti tíì tó ń ṣàn lórí tábìlì. Ilé kejì tí mo ní, mo ń gbádùn rẹ̀ nígbà tí ti àkọ́kọ́ ń ṣókùnkùn.

Ọ̀rọ̀ wá di ti ìfigagbága. Ẹgbẹ́ wa bá ti àwọn obìnrin èbúté pàdé ní àṣekágbá, ní ọ̀sán Sátidé kan. Fún ẹni tí kò bá mọ eré náà: àwọn méjì ló máa ń gbá bọ́ọ̀lù pọ̀, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Bí ọ̀kan bá gbá a, àwọn méjèèjì á sáré pààrọ̀ àyè kí àwọn tó kù tó rí bọ́ọ̀lù mú. Ìyẹn ni ẹyọ kan. Bí wọ́n bá fi bọ́ọ̀lù wó igi tó o fi sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó débẹ̀, o ti kúrò nínú eré. Nítorí náà, igbe ló ń darí ẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá wà níwájú ẹni tó gbá a, òun ni á kígbe: ó yá, tàbí rárá. Bó bá gba ẹ̀yìn ẹ̀ lọ, kò lè rí i, ẹnìkejì ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kígbe.

Ẹyọ mẹ́sàn-án ló kù ká borí. Àǹtí Marva ti gbá mọ́kànlélógójì, orúnkún ẹ̀ ti wú, kò sì dẹ́kun. Èmi ń ṣọ́ igi mi lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ju ọ̀kan sí i, ó fi etí igi ọwọ́ ẹ̀ kàn án, bọ́ọ̀lù sì gba ẹ̀yìn ẹ̀ lọ. Ó gbé ojú sókè wò mí, ó sì ti ń sáré bọ̀.

Mo rí bọ́ọ̀lù náà. Mo rí obìnrin èbúté tó bẹ̀rẹ̀ tó sì gbé e. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ahọ́n mi: rárá, ẹ padà! Ṣùgbọ́n ẹni tí mò ń pè ní àǹtí ló ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ mi yìí. Báwo ni màá ṣe na ọwọ́ sí i, kí n pariwo mọ́ ọn pé kó padà níṣojú èèyàn? Mi ò kígbe. Mi ò sì sáré. Mo dúró bí òpó. Àǹtí Marva dé ọ̀dọ̀ mi, àwa méjèèjì dúró síbì kan náà, à ń wo ara wa, wọ́n sì wó igi ẹ̀ lọ́hùn-ún.

Àwọn tó kù ò lè gbá a. Ẹyọ mẹ́rin la fi pàdánù. Títí wọ́n fi parí eré, igi tèmi ò ṣubú.

Mo bá Àǹtí Marva lórí bẹ́ǹṣì, ó ń tú báńdéèjì orúnkún ẹ̀.

"Ṣé o rí bọ́ọ̀lù yẹn?"

"Mo rí i, Àǹtí."

"O rí i pé wọ́n ti mú un?"

"Mo rí i."

"Ẹnu rẹ wá ńkọ́?"

Mo sọ òótọ́. Mo ní nílé wa, a kì í pariwo mọ́ àgbà. Mo ní àfi ẹni tí kò ní ìyá tí kò ní bàbá ló ń ṣe é. Ó wò mí títí. Inú bí i, mo rí i, ṣùgbọ́n kò gbé ohùn sókè.

"Mi ò ní ojú lẹ́yìn orí," ló wí. "Ìwọ lojú tí mo ní níbẹ̀ yẹn. O rí i pé mò ń sáré lọ síbi tí wọ́n á ti pa mí, o wá ń bọ̀wọ̀ fún mi?" Ó tú báńdéèjì náà tán, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Ṣadé pè mí. Bàbá ti já sí gọ́tà tó wà lápá ọ̀tún ẹnu ọ̀nà wa, gọ́tà tó ti ń fò láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé. Egungun ò kán, ṣùgbọ́n ojúgun ẹ̀ bó. Ó ní kí Ṣadé má sọ fún mi.

Nígbà tí mo pe Bàbá lọ́sàn-án, kò mẹ́nu kan gọ́tà.

"Obìnrin yẹn ńkọ́?"

Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ṣe "hẹ̀n" sí i.

"Ṣùgbọ́n igi tìẹ ò ṣubú."

"Kò ṣubú, sà. A dẹ̀ pàdánù."

"Má dá ara ẹ lẹ́bi. Ohun tó o ṣe dáa. Ọmọ tá a tọ́ dáadáa ò lè pariwo mọ́ àgbà."

"Rárá, Bàbá."

Mi ò sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un rí láyé mi. Lẹ́yìn tó jáde, ìyókù tẹ̀ lé e, mi ò sì lè dá a dúró. "Rárá! Mo gbọ́ pẹ́ ẹ já sí gọ́tà. Ojú ọ̀tún yín ló ń lọ yẹn, òsì máa tẹ̀ lé e. Kì í ṣe ojú àgbà! Omi Jankara yẹn ò ṣe nǹkan kan fún un, ẹ dà á nù! Ọ̀la, Bàbá, ọ̀la gan-an, ẹ máa tẹ̀ lé Ṣadé lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ẹ má sọ pé a máa lọ. Ẹ lọ!" Ariwo mi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin tó ń gbé yàrá kejì fi kan ilẹ̀kùn mi.

Èkó dákẹ́. Kódà mi ò gbọ́ ẹ̀rọ amúnáwá.

"Ta lò ń pariwo mọ́?" ni Bàbá bi mí, jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀yin ni, sà."

Ó pa fóònù.

Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ni kò fi gbé e. Mo ń lọ síṣẹ́, mo ń bọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo ti ba ohun kan jẹ́ tí mi ò ní rí tún ṣe láéláé. Ṣadé ní Bàbá ò bá òun náà sọ̀rọ̀, pé ó ti kó páálí ìṣáná àti ìkòkò iyọ̀ padà sí kíṣíìnì. Nígbà tó di Tusidé kan, Ṣadé pè láti ilé ìwòsàn. Ó ní láàárọ̀ yẹn ni Bàbá wọ kóòtù ẹ̀, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ní, "Ṣé o ò ní mú mi lọ ni?"

Dókítà ní ojú ọ̀tún ti lọ tán. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún òsì. Kì í ṣe pé á padà sí bó ṣe wà, ṣùgbọ́n èyí tó kù níbẹ̀ á dúró: ìwọ̀nba tí èèyàn lè rí láti ojú fèrèsé kékeré kan.

Mo gba ìsinmi, mo wá sílé. Ọ̀sán ni mo dé Olówógbowó. Ṣadé gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó nawọ́ sókè. Bàbá wà lójú fèrèsé. Ó ti rù. Mo kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kàn mí lórí, ó ṣàdúrà tó gùn. Lẹ́yìn náà, mo fa àga kan, mo jókòó. A sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ òfuurufú, nípa àwọn aládùúgbò tó ti kú. Ó bi mí nípa orúnkún Àǹtí Marva. Ìgbà tí Ṣadé sọ̀kalẹ̀ lọ se oúnjẹ ló tó bi mí ní ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Kí ni, sà?"

"Má fi mí ṣeré. Ojú mi. Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

Mo lè purọ́. Nọ́ọ̀sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa irú irọ́ yẹn.

"Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ sọ fún mi nípa òṣùmàrè, sà."

Bàbá ṣe ìṣirò ẹ̀. Mo ń wo ètè ẹ̀ bó ṣe ń mì.

"Ọdún méjì," ló wí. "Dókítà yẹn ní ká ní mo wá nígbà yẹn ni, méjèèjì ni ì bá wà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló dé tó ò pariwo?"

Mo ní mi ò fẹ́ rí i fín. Mo ní mo bẹ̀rù ẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kéré tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ odindi ojú. Mo retí pé kó bínú. Ì bá sàn fún mi kó bínú. Ó kàn ń mi orí díẹ̀díẹ̀.

"Èmi náà ni mo kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀," ni Bàbá wí.

Ó yí orí síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ń wá nǹkan, ó sì na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́.

"Níbo lo wà? Mi ò rí ẹ níbi tó o jókòó sí yẹn."

Apá ọ̀tún ẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo dìde, mo gbé àga náà yí i ká lọ sí apá òsì, mo sì jókòó síbi tí ó ti lè rí mi.